Pẹ́ńsù Yín Tó Wà Létí Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní í dá mi lóhùn láti ọ̀run, ṣùgbọ́n ta ni kí n tún sọ ọ́ fún?

Ṣé ẹ rántí pẹ́ńsù kékeré tí ẹ máa ń fi há etí? Bí ọmọ kan ò bá wá sílé ìwé, pẹ́ńsù lẹ fi ń sàmì sí orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà. Ó di ìgbà tí ẹ bá gun kẹ̀kẹ́ délé wọn, tí ẹ fojú ara yín rí i, kí ẹ tó fi báírò tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìlú Òde-Ayé ló fi mọ̀ yín. Nígbà tí èmi náà di tíṣà, mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ayé ìgbà yín ti lọ, pé tí aago méjì bá ti lù, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ẹ kàn rẹ́rìn-ín, ẹ ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò yín sókè, ó di abúlé Ìjù-Odò, ẹ tún wá ọmọ kan lọ.

Bàbá, Tinúkẹ́ ò wá sí kíláàsì mi mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, orí rẹ̀ pé gan-an. Báírò pupa ni mo fi ń fàlà sí orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo kọ ọ́ sórí Wásáàpù àwọn òbí, mo ní mo ti ṣe tèmi. Ìyá àgbà tó ń tọ́ ọ ò tiẹ̀ ní irú fóònù bẹ́ẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó gun ọ̀kadà lọ wò ó.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo bá ìyá náà níbi tó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, ló fi dá ọmọ dúró kó ran òun lọ́wọ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ òun náà níwèé; ẹ̀yin lẹ lọ mú un wá látinú oko baba rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń retí tíṣà. Ó retí títí, kò rẹ́nì kan, ló bá gbà pé ilé ìwé ti yọ ọmọ náà ni. Ó ti jẹ́ kí àbúrò tirẹ̀ mú Tinúkẹ́ lọ ṣọmọ ọ̀dọ̀ l'Ékòó, ọjọ́ méjì péré kí n tó dé. Mo ti gba nọ́ńbà àbúrò náà. Mo ń pè é, kò lọ.

Ó dùn mí dé egungun, Bàbá.

Ìyá náà wojú mi títí, ó wá bi mí pé ọmọ ta ni mí. Bàbá mi, orúkọ ẹlòmíràn ni mo dá fún un.

Ọmọ yín tó sẹ́ yín, tí àárò yín ò sì yé sọ,
Àbígbẹ̀yìn yín.