Kọ̀ǹpútà Tí Kò Mọ Àgbà

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Ọ̀lẹ ló kó bá mi. Ọwọ́ ni ǹ bá fi yí orúkọ fọ́tò àwọn àgbà ìjọ wa padà, mo ní kí Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, bá mi yí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Mo ti fi nọ́ńbà tò wọ́n bí wọ́n ṣe dàgbà sí, láti 1, ẹni tó dàgbà jù, dé 10. Ṣùgbọ́n Python ka 10 ṣáájú 2, torí pé 1 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé e sí ipò kejì.

Bí fọ́tò Alàgbà Délé, tó kéré jù, ṣe ṣáájú ti Màmá Adùkẹ́, tó jẹ́ nọ́ńbà 2, lójú ògiri ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí nìyẹn.

"Délé tí mo pọ̀n?" Màmá pariwo.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà, kọ̀ǹpútà ló ṣe é."

"Ṣé kọ̀ǹpútà ọ̀hún ò ní ìyá nílé ni?"

Mo ṣì ń tún un ṣe lọ́wọ́ nígbà tí Alàgbà Délé pè mí. "Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àna mi ń bọ̀ láti Ọ̀rà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."