Agboòrùn fún Ìyá Ìyàwó

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

Obìnrin onípẹ́ẹ̀nì wá lónìí. Òun ni ìjọba ń rán káàkiri Pickering, ìlú wa ní Kánádà níbí, láti yẹ àwọn aláìsàn wò nínú ilé wọn. Ó jókòó síwájú Ọ̀gbẹ́ni Lọ́ńdọ̀nù – ọkọ mi nìyẹn, orúkọ tí mo fi ń pè é nínú ọkàn mi láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó bi í bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, bóyá ibì kan ń dùn ún. Kò fèsì. Àyọ̀ká, ọmọ Fúnkẹ́ ọmọ mi, tún bi í ní Yorùbá. Kò fèsì. Ojú fèrèsé ló ń wò.

Láti Oṣù Kejì tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, ọ̀rọ̀ kan kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀.

Obìnrin náà ní òun yóò padà wá ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún. Bí kò bá lè sọ ohun tó ń ṣe é títí di ìgbà náà, òun yóò kọ ọ́ pé kó lọ sí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan ní Richmond Hill. Àyè ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú.

Ta ni yóò máa kí i "ẹ kú àárọ̀" ní Richmond Hill?

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá

Kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní láíbúrì. Mo ka odindi ojú ewé kan láìdúró. Fatimoh, olùkọ́ wa, pàtẹ́wọ́ fún mi, ó ní, "Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtàtà!" Mo ní, "Olùkọ́ mi, àbíkẹ́yìn mi jù ọ́ lọ." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a ń kó ìwé, mo sọ ọ̀rọ̀ ilé fún un. Ó ní bàbá àgbà òun náà kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà tí irú àìsàn yìí ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń kéwú bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ó ní, "Màmá, ohun tí ènìyàn mọ̀ lórí láti kékeré, ibòmíràn ló ń gbé nínú ọpọlọ. Ẹ wá èyí tí Dádì mọ̀ lórí."

Mo délé, mo kọ orin ìjọ. Ó pa ojú dé.

Mo ti gbàgbé. Ọkọ mi kì í ṣe ará orin.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹwàá

Mo ti rántí ohun tó mọ̀ lórí. Tupp àti Haddow.

Aláwàdà òyìnbó méjì, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Lọ́ńdọ̀nù ń kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́hùn-ún, yàrá kan ló háyà. Òtútù, ebi, kò sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, obìnrin onílé a ṣílẹ̀kùn kíṣìnnì, a ní kó wá gbọ́ asọ̀rọ̀mágbèsì. Tupp àti Haddow ni wọ́n máa ń gbọ́. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ tí òun àti òyìnbó rẹ́rìn-ín sí ohun kan náà nìyẹn. Nígbà tó rí owó díẹ̀, ó lọ wò wọ́n ní gbọ̀ngàn eré, ó jókòó sókè pátápátá níbi tí owó rẹ̀ kéré jù, ibi tí ó ti ń wo àtàrí wọn.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó mọ́tò bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Òun kó kóòtù kan àti ẹ̀fẹ̀ bọ̀. Nítorí ẹ̀fẹ̀ yẹn ni mo ṣe fẹ́ ẹ.

Èyí tó fẹ́ràn jù ni ti agboòrùn. Haddow wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun fẹ́ ra agboòrùn fún ìyá ìyàwó òun. Tupp tó ń tajà bi í: "Ńlá àbí kékeré?"

"Èwo? Agboòrùn, àbí ìyá ìyàwó mi?"

"Agboòrùn."

"Kékeré ni."

"Ṣé yóò gbà wọ́n?"

"Ohun tí mo fẹ́ kí òjò bá mi wádìí nìyẹn."

Mo kọ ọ́ síbí, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti di ìyá ìyàwó ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó tì í. Mo ń rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá kí àwọn òbí mi ní Abẹ́òkúta.

Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó jókòó. Gbogbo ilé ń wo ará Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀rù bà á. Ó sì gbàgbé pé ibi tí ẹ̀fẹ̀ ti wá kọ́ ni ó wà. Ó ní kí òun pa wọ́n lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó dìde, ó ṣe ti agboòrùn, Tupp àti Haddow, òun nìkan, ní Yorùbá tó já gaara. Níwájú ìyá mi! Ẹni tí kò tíì di ìyá ìyàwó rẹ̀ pàápàá!

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá mi gbé fìlà rẹ̀, ó jáde. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kò ṣeé kó. Àwọn tó bá ọkọ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun náà ti wà nílẹ̀, aṣọ Lọ́ńdọ̀nù rẹ̀ nínú eruku.

Ìyá mi wò ó títí. Ó wá ní, "Kó lọ ra agboòrùn náà wá. Ńlá ni kó rà."

Báyìí ni wọ́n ṣe fún un ní ìyàwó.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Kánádà. Fúnkẹ́ yan tòlótòló. Ọmọ-ọmọ mi Àyọ̀ká – yunifásítì ló wà o, ọdún kẹta, n kò ní í yé sọ ọ́ – gbé fóònù rẹ̀ wá. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó bá mi wá Tupp àti Haddow lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òyìnbó kan tó fẹ́ràn àwọn aláwàdà àtijọ́ ló kó ohùn wọn síbẹ̀. "Grandma, listen!"

Ohùn náà ń ha bí ẹni ń fá igbá. Ẹ̀rín àwọn èrò. Haddow ní òun fẹ́ agboòrùn fún ìyá ìyàwó òun. Ọ̀gbẹ́ni Lọ́ńdọ̀nù gbé orí sókè. Kí Tupp tó la ẹnu, òun ló sọ ọ́, ní òyìnbó, ohùn tó kún:

"Large or small, sir?"

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Fúnkẹ́. Dúrósinmí ọkọ rẹ̀ ń pariwo "Dádì! Dádì!" Mo di ẹsẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Lọ́ńdọ̀nù mú, mo ń sunkún. Bí a bá ń sunkún, à ń ríran: mo rí i pé ọkọ mi ṣì wà nínú ara yìí.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Ayọ̀ ti dínkù. Fúnkẹ́ pe obìnrin onípẹ́ẹ̀nì lórí fóònù. Obìnrin náà ní inú òun dùn, ṣùgbọ́n ohun tí a há sórí bí orin ni, kì í ṣe ìfèsì. Ṣé ó lè sọ pé òun fẹ́ omi? Kò lè sọ ọ́. Mo ti bi í lánàá àti lónìí.

Obìnrin náà tún ní kí a dán ènìyàn wò dípò fóònù. Nígbà mìíràn, ẹni tó wà níwájú a máa fa ọ̀rọ̀ jáde ju ẹ̀rọ lọ.

Mo ka ti Haddow fún un fúnra mi. Àyọ̀ká ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní òyìnbó, mo sì kà á, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé èkejì. Ó wo ẹnu mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sọ nǹkan kan. Bóyá kíkà tí mo ń kàwé ló ń wò.

Ohùn ọkùnrin ló yẹ. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló kù nílé yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá

Dúrósinmí ní òun kò ṣe é.

Ọmọ yìí! Kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣiṣẹ́ ní Meadowvale. Láràárọ̀, kó tó wa mọ́tò lọ, yóò dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí kápẹ́ẹ̀tì, báàgì iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni n óò ní kó jókòó níwájú mi kó máa fi ìyá ìyàwó ṣẹ̀fẹ̀?

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Ẹnu mi ò lè sọ ọ́."

"Mo yọ̀ǹda fún ọ."

"Ẹ yọ̀ǹda, Mọ́mì. Ìyá mi tó wà ní Òṣogbo ò yọ̀ǹda."

Fúnkẹ́ ní, "Ìyá rẹ ò sí níbí." Dúrósinmí ní, "O ò mọ ìyá mi."

Ó ní kí a jẹ́ kí òun sọ pé onílé ni òun ń ra agboòrùn fún. A gbà. Ó ṣe é. "I want an umbrella for my landlord." Ọ̀gbẹ́ni Lọ́ńdọ̀nù yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ aláìníyọ̀ fún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹwàá

Mo gbọ́ ohùn nínú gáréèjì. Dúrósinmí ló jókòó sínú mọ́tò, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń dá kọ́ ọ: "My wife's mother. My wife's mother." Jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jalè. Mo kan gíláàsì. Ó ta gìrì, ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ kó dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Jókòó síbẹ̀. Pariwo sí i."

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kẹwàá

Fúnkẹ́ ti di aṣọ bàbá rẹ̀ díẹ̀ sínú àpótí. Ó ní bí ó bá ṣẹlẹ̀ ni. N kò bá a wí. Òun pàápàá kò lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹwàá

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Dúrósinmí gba àyè níbi iṣẹ́. Ó wọ táì. Obìnrin onípẹ́ẹ̀nì jókòó, Àyọ̀ká jókòó tì í. Èmi wà lórí àga mi, mo wé gèlè – mo ti pinnu pé bí wọn yóò bá gbé ọkọ mi lọ, wọn kò ní í bá mi ní rúdurùdu.

Dúrósinmí bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ agboòrùn. Fún ta ni? Ó tún táì rẹ̀ ṣe. Fún ìyá ìyàwó òun.

"Large or small, sir?" Ọ̀gbẹ́ni Lọ́ńdọ̀nù. Kíá ni.

Ó kan Dúrósinmí. "Which? The umbrella, or my wife's..." Ojú rẹ̀ bọ́ sára mi. Òógùn. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ara rẹ̀ lọ sílẹ̀ gbalaja, táì àti gbogbo rẹ̀: "Mọ́mì, ẹ dákun, ẹ forí jì mí!"

Obìnrin onípẹ́ẹ̀nì fò dìde. Ó rò pé Dúrósinmí dákú ni. Àyọ̀ká di ọwọ́ obìnrin náà mú, ó ń ṣàlàyé. Fúnkẹ́ kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún. Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi rín in. Èmi ti ń rẹ́rìn-ín, gèlè mi ti wọ́. Nínú ariwo yẹn ni ohùn kan ti sọ ní Yorùbá:

"Dìde, jàre. O ti ba àwàdà náà jẹ́."

Gbogbo wa yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Lọ́ńdọ̀nù.

Obìnrin náà béèrè ohun tó sọ. Àyọ̀ká túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà ní ṣé ó wà nínú eré náà? Àyọ̀ká ní rárá. Obìnrin náà fi pẹ́ẹ̀nì sílẹ̀, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọkọ mi, ó ní kí n bi í lédè wa bóyá ibì kan ń dùn ún.

Mo kúnlẹ̀ tì í. Mo bi í. Ẹnu rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ kiri, a kò ràn án lọ́wọ́.

"Èjìká."

"Èjìká wo, Bàbá Fúnkẹ́?"

"Ọ̀tún. Ẹ̀ ń... gbé mi lé e."

Òótọ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún la máa ń fi í sùn. Èmi ni mo ní kí a máa ṣe é bẹ́ẹ̀, kó lè kọjú sí fèrèsé, kó lè máa rí igi. Láti ìgbà tí yìnyín wà nílẹ̀. Ó ń dùn ún, ó ń wo igi.

Obìnrin náà kọ̀wé. Kò sí Richmond Hill. Wọn yóò rán ẹni tó máa wo èjìká náà, àti ẹni tó máa kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ní ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú, ó bi mí bóyá àna mi ò farapa.

Ní ìrọ̀lẹ́, Fúnkẹ́ àti ọkọ rẹ̀ yí ibùsùn padà, orí sí ibi tí ẹsẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, kó lè fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn kó sì tún máa rí ìta. A gbé e sí i. Mo bi í bó ṣe rí.

Ó ní kí a sún un síwájú díẹ̀.

A sún un.