Ojú Mi Lára Páálí Ọṣẹ

Ojúlé Kẹsàn-án, Ẹ̀yìn Rélùwéè,
Èbúté Mẹ́ta, Èkó.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1976.

Adùnọlá ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ ìwé, o kú àárò ilé. Èmi kí ọ, ìyá rẹ kí ọ, gbogbo ará ilé yìí kí ọ, títí kan ewúrẹ́ tí Yẹ̀kínnì alájọgbélé wa ń sìn, tó tún jẹ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì akọ̀wé kan lórí okùn mi lánàá. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kí ẹ̀wà ilé-ìwé yín má sì tún dá inú rẹ rú mọ́. Àwa ńkọ́? A wà. Ẹ̀yìn ń dùn mí, omi ẹ̀rọ kì í yọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, sítáàṣì sì ti wọ́n bí ojú. Ṣùgbọ́n a dúpẹ́, ẹni tó bá ṣì ń jí kò gbọdọ̀ ráhùn jù.

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ìyá rẹ ní kí n kà á sókè. Mo ka ibi tí o ti kí i, mo fo ìyókù. O ní Ọ̀gbẹ́ni Ambrose, ọkùnrin ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà ní Yábàá yẹn, gbé mọ́tò wá bá ọ ní Ìbàdàn pẹ̀lú bisikíìtì, pé kí o bá òun bẹ̀ mí kí n buwọ́ lu ìwé wọn fún ọdún kejì. O ní owó náà yóò tó owó ilé-ìwé rẹ tó kù. O wá kọ ọ́ báyìí pé: "Bàbá, ẹnu lásán kúkú ni. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ìpolówó ọjà ni." Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n tètè fèsì. Inú kò bí mi sí ọ o. Èmi gan-an ti sọ ọ́ fún ara mi kí ìwọ tó sọ ọ́.

Jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́, nítorí ilé-ìwé ni o wà nígbà náà, orí rédíò ni ìwọ náà ti gbọ́ mi. Oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni Ambrose wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé èmi ni àwọn akọ̀wé Rélùwéè ń gbé aṣọ funfun wọn fún, pé láti Sùúrùlérè títí dé Muṣin, èmi ni ẹni tó ní ẹtù tàbí sányán ń gbé e fún tí ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀. Àpọ́nlé yẹn wọ̀ mí lára, n kò ní í purọ́. Ó gbé páálí ọṣẹ alẹ́búlẹ́bú tuntun kan síwájú mi, Kedere ni wọ́n pè é. Wọ́n fẹ́ ojú mi lára páálí, wọ́n sì fẹ́ ohùn mi lórí rédíò. Mo ní n kò lò ó rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ ó lò ó tó bá yá."

Bó ṣe lọ tán, mo dán an wò. Mo bu díẹ̀ sínú omi gbígbóná bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lára páálí, mo ki àkísà aláró kan bọ̀ ọ́. Kí èédú àyọ́ọ̀nù mi tó ràn, gbogbo aró ti tú sínú omi, àkísà náà ti ṣá, ó rí pátipàti. Ohun tí ojú mi rí nìyẹn, Adùnọlá. Mo da omi náà sí gọ́tà, mo sì buwọ́ lu ìwé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Owó ilé-ìwé rẹ ni mo fi ń tan ara mi. Òótọ́ sì ni, owó yẹn ló gbé ọ wọlé lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ó wù mí kí àwọn ènìyàn mọ̀ mí.

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo gbé dání nínú àwòrán yẹn, ọṣẹ gbọọrọ tí à ń gé ni mo fi fọ̀ ọ́, mo sì fi búlúù tó ń mú aṣọ funfun tàn ṣan án, bí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá. Ambrose mọ̀. Ẹni tó ya àwòrán náà mọ̀. A jọ fi rẹ́rìn-ín ni. Nígbà tó di ti rédíò, wọ́n kọ ohun tí n ó sọ sínú ìwé fún mi: "Èmi Oyèníran, alágbàfọ̀ Èbúté Mẹ́ta, ọdún mẹ́tàlélógún rèé tí mo ti ń fọṣọ. Kedere nìkan ni mo ń lò. Omi gbígbóná ni kí ẹ dà á sí. Aṣọ funfun á funfun, aṣọ dúdú á dúdú." Mo kà á tán, mo rí i pé kò dùn létí, ni mo bá fi tèmi kún un: "Ìbáà ṣe ẹtù ìyá yín, ẹ rì í bọ̀ ọ́!" Ambrose pàtẹ́wọ́. Ó ní gbólóhùn yẹn ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹtù kò sí nínú ìwé wọn rárá. Ẹnu èmi ni ó ti jáde.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi. Bí mo bá wọ ọjà Tejúoṣó, wọn á ní "Bàbá Kedere!" Èmi á juwọ́, n ó máa rẹ́rìn-ín bí ọ̀dẹ̀. Tí oníbàárà bá sì yọ lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, kíá, mo ti ti ọṣẹ gbọọrọ mi sábẹ́ àga. Ìwọ wo ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń fi ọṣẹ tí ó fowó ara rẹ̀ rà pamọ́ bí ẹni jí i gbé. Ìyá rẹ rí mi lọ́jọ́ kan, ó kàn pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Èyí tí o kò mọ̀ ló kù tí mo fẹ́ sọ. Ìyá mi, ìyá àgbà rẹ, aláró ni kó tó darúgbó. Òun ló kọ́ mi ní aṣọ fífọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́. Á ní, "Àkàngbé, aró àti omi gbígbóná kì í ṣọ̀rẹ́. Omi tútù, ọṣẹ dúdú, ibòòji." Àkàngbé ni oríkì mi, òun nìkan ló kù tó ń fi pè mí. Ẹ̀kọ́ yẹn náà ni mo gbé wá sí Èkó tí mo fi ń jẹun.

Mo lọ kí i nílé nígbà Kérésìmesì tó kọjá. Ó kí mi, ó fi oríkì mi gbé mi sókè, gbogbo àdúgbò sì jáde wá wo ọmọ rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó pè mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ṣí àpótí rẹ̀. Ẹtù rẹ̀ ló mú jáde. O mọ ìtàn ẹtù yẹn: òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ òwú rẹ̀ láró, tó gbé e lọ fún ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, tó sì wí fún gbogbo wa pé òun ni kí a fi sin òun. Mo gbé aṣọ náà lọ sójú fèrèsé. Ó ti ṣá. Ibì kan dà bí eérú, ibì kan ṣì dúdú díẹ̀, etí rẹ̀ sì ti ń tú.

Òjò ló jò sínú àpótí, aṣọ náà sì bu. Ìyá mi kò mọ ohun tí òun yóò ṣe sí i. Ọjọ́ kan ni Lateefat aládùúgbò, tó ń tajà níwájú ilé, pè é pé kó sáré wá gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ nínú rédíò. Ó gbọ́ mi. Ó gbọ́ "ẹtù ìyá yín." Ó ra páálí kan lọ́wọ́ Lateefat, ó gbé omi kaná. Adùnọlá, obìnrin tó fi ogójì ọdún kó ọwọ́ sínú aró! Kò sí oníṣòwò kan láyé tó lè sọ fún un pé kó fi omi gbígbóná fọ ẹtù tí kò ní í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó kó gbogbo ohun tó mọ̀ sílẹ̀, ó mú ọ̀rọ̀ mi.

Ǹjẹ́ o mọ ohun tó sọ fún mi nínú yàrá yẹn? Ó ń bẹ̀ mí. Ó ní, "Àkàngbé, má bínú o. Ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n lò. Bóyá omi mi kò gbóná tó bí o ṣe wí." Mo fẹ́ sọ òótọ́. Mo ká aṣọ náà padà. Mo ní, "Kò burú, màmá, a ó ra òmíràn." Mo fún un lówó, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì ṣàdúrà fún mi títí. Mo ní bó bá di Àjíǹde n ó padà wá, n ó dọ̀bálẹ̀, n ó jẹ́wọ́. Àjíǹde dé, aṣọ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì kún ṣọ́ọ̀bù, n kò lọ. Oṣù keje ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé ó ti sùn.

O wà níbi ìsìnkú náà. O rí ẹtù tí a fi bò ó nígbà tí a tẹ́ ẹ sílẹ̀. O fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, o bi mí pé ṣé kò sí owó aṣọ tuntun ni, pé ojú ń tì ọ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Mo jágbe mọ́ ọ lójú wọn. Dárí jì mí, ọmọ mi. Aṣọ tuntun wà. Mo ti rà á, ẹtù gidi, mo gbé e dání láti Èkó. Lateefat ni kò jẹ́ kí a lò ó. Ó ní ìyá ti wí fún òun pé, "Èyí tí mo fi ọṣẹ ọmọ mi fọ̀ ni kí wọ́n fi sin mí, kí àwọn ènìyàn má baà rò pé ohun tó sọ nínú rédíò kò rí bẹ́ẹ̀." Títí dé ojú ikú ló ń gbèjà mi.

Nítorí náà, n kò ní í buwọ́ lù ú. Mo dá ìwé wọn padà fún Ambrose lọ́jọ́ Sátidé. Kò bínú, ó kàn ní alágbàfọ̀ pọ̀ nílùú, ẹlòmíràn yóò ṣe é. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ti já àwòrán ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń sọ fún oníbàárà tó bá bi mí pé irọ́ ni mo pa. Àwọn kan ń fi mí rẹ́rìn-ín. Méjì ti kó aṣọ wọn kúrò, wọ́n ní ta ló mọ ohun tí mo tún ń parọ́ rẹ̀. Wọn kò jẹ̀bi. Ó rẹ̀ mí, Adùnọlá, ó rẹ̀ mí dé egungun.

Ní ti owó ilé-ìwé rẹ, n kò gbàgbé. Mo ti gba aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Sùúrùlérè láti máa fọ̀, èmi àti Yẹ̀kínnì jọ ń ṣe é. Owó rẹ̀ kì í yá. Lọ bá ọ̀gá yín, bẹ̀ ẹ́ kó fún wa di oṣù kejìlá. Bí wọ́n bá ní kí o máa lọ sílé, máa bọ̀, má sunkún, àyọ́ọ̀nù wà níbí, a ó jọ lọ aṣọ títí owó yóò fi pé. Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́. Ó dun èmi náà.

O ní gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ìpolówó ọjà ni. Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú, èmi ni mo palẹ̀ àpótí ìyá mi mọ́. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹtù ń gbé tẹ́lẹ̀, mo bá nǹkan kan nínú ọ̀rá. Iwájú páálí Kedere ni, ó fi abẹ gé e yí ojú mi ká. Ìyá mi kò mọ̀wé. Kò mọ ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà, kò sì bi ẹnikẹ́ni. Ojú ọmọ rẹ̀ ló kà.

Ọlọ́run yóò wà pẹ̀lú rẹ. Ìwé tí ò ń kà yóò yé ọ, yóò sì ṣe ọ́ ní àǹfààní. O kò ní í fi ẹnu rẹ ba ohun tí ọwọ́ rẹ tún ṣe jẹ́. Ọmọ tí o bá bí yóò lè gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́, kò sì ní í kábàámọ̀. Ìyá rẹ ní kí o máa jẹun dáadáa.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Oyèníran alágbàfọ̀.

Mo tún rántí: páálí Kedere mẹ́rin tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ nígbà tí o wọlé, má fi fọ nǹkan kan, má sì fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Dà á nù. Mo fi ọṣẹ dúdú rán Fàsásì onílọ́rì, yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́jọ́ Ajé. Ẹtù tuntun tí a kò lò yẹn wà nínú ẹrù kan náà, tìrẹ ni. Bó bá dọ̀tí, omi tútù ni o, kí o sì sá a síbòòji. Bí o bá gbọ́ ohun mìíràn lórí rédíò, kódà kó jẹ́ ohùn mi, má dá a lóhùn.