Ilẹ̀kùn Wíwọ́ Ilé Òpùrọ́ Mi

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹfà
Ìjì jà lánàá. Ó ká páànù ilé ìdáná, ó já ilẹ̀kùn iwájú, ó lọ gbé e sọ sínú ọgbà aládùúgbò, títí ó fi fọ́ túútúú. Ilẹ̀kùn yẹn gan-an — èyí tí gbogbo ayé mọ̀ nínú fíìmù ọkọ mi. Mo wò ó. Mo lọ fọ abọ́.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹfà
Afárá onípákó ìsàlẹ̀ àdúgbò náà ti lọ. Orí rẹ̀ ni Òpùrọ́ Mi ti sọ ṣòkòtò nù nínú fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọkọ mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, torí irọ́ pípa ló fi bọ́ wa: aláwàdà ni. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ló kú.
Àwọn olólùfẹ́ fíìmù ti dé, wọ́n ń ya fọ́tò. Ọkùnrin kan tí kò bá a pàdé rí dúró létí omi, ó ń sunkún. Èmi tí mo fọ ṣòkòtò ọ̀hún, tí mo tún rán ìdí rẹ̀, omijé kan ò jáde lójú mi. Kò jáde lọ́jọ́ ìsìnkú náà. Àwọn ẹbí ní ọkàn mi le. Kò le. Ó kàn kú tipiri, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹfà
Òjò. Mo fi aṣọ ìbusùn dí ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹfà
Ọmọ mi obìnrin pè. Ó ní ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, ọ̀nà ọjà ni. Kí ni mò ń ṣọ́ níbẹ̀? Kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Mo ní kò burú. Ó yà á lẹ́nu pé mi ò jiyàn. Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún, lòun ń bọ̀ wá kó mi.
Ó bi mí bóyá ara mi yá. Ara mi yá. Nǹkan kan ò dùn mí. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹfà
Ọkọ Kékeré dé — àbúrò ọkọ mi, káfíńtà. Orúkọ tí mo sọ ọ́ látìgbà tí mo ti wọlé wọn nìyẹn. Òun ló kan ilẹ̀kùn náà nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ó sì kàn án wọ́. Atẹ́gùn díẹ̀ báyìí, á ṣí fúnra rẹ̀. Ojú tì í débi pé ó ní kí ilẹ̀ lanu kí òun wọlé. Òpùrọ́ Mi ò jẹ́ kó tún un ṣe. Ó sọ ọ́ di àwàdà. Nínú fíìmù, ilẹ̀kùn á ṣí, kò ní sẹ́nì kankan níbẹ̀. Á dìde, á ní, "Ẹ wọlé, ẹ má dúró síta." Á fa àga fún atẹ́gùn, á wá máa bi í léèrè ará ilé. Àwa náà ń ṣe é nílé. Bó bá ti ṣí lásán, ọ̀kan nínú wa á kí i káàbọ̀. Títí a fi darúgbó.
Ọkọ Kékeré ní òun á kan òmíràn.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹfà
Ó ń ṣiṣẹ́. Pákó tuntun. Ó kó ìṣó sẹ́nu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹfà
Ó parí. Ilẹ̀kùn tó gún régé. Ó pa dé, kò ró. Ọkọ Kékeré bọ́ fìlà, ó ní, "Ìyàwó wa, mi ò dójú ti ẹ̀gbọ́n mi mọ́." Mo dúpẹ́. Mo bu oúnjẹ fún un.
Àwọn olólùfẹ́ fíìmù wá lọ́sàn-án. Wọ́n dúró síwájú rẹ̀, wọ́n dúró, kò ṣí. Wọ́n wojú ara wọn. Wọ́n ní ó dára, wọ́n lọ.

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹfà
Atẹ́gùn ń fẹ́ láti àárọ̀. Ilẹ̀kùn ò mira. Mo jókòó kọjú sí i títí oúnjẹ fi jóná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹfà
Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ọkọ Kékeré. Mo ní kó wá bà á jẹ́. Ó rò pé orí mi ti dàrú. Ó ní àbùkù òun ni gbogbo ayé ń fi rẹ́rìn-ín látọjọ́ yìí. Mo ní, "Ọkọ Kékeré, àbùkù yẹn ló ń pa èmi àti ẹ̀gbọ́n yín lẹ́rìn-ín nílé. Ẹ bá mi dá a padà." Ó ní òun á wá lọ́jọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹfà
Wíwọ́ ò rọrùn fún ẹni tó ti mọṣẹ́. Ó tú u, ó tún gbé e kọ́, ó ṣì ń gún. Nígbà tó yá, ó ní kí n faṣọ di òun lójú. Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín.
Ṣùgbọ́n ó wọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kẹfà
Mo di ẹrù. Àpótí kan péré. Nírọ̀lẹ́, mò ń ká aṣọ tó kù, ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn mi. Mi ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Mo ní, "Ẹ wọlé, ẹ má dúró síta," mo sì ti fa àga kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín.
Ẹkún gbé mi níbẹ̀. Mo sun ún títí ọrùn fi ń ro mí. Ó dùn mí. Gbogbo rẹ̀ ló dùn mí, Òpùrọ́ Mi, gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kẹfà
Ọmọ mi dé. Ó bá àpótí ní títú sílẹ̀, ó bá ojú mi ní wíwú. Mo ní kó wọlé, kó má dúró síta. Ó jókòó sórí àga náà. Mi ò bá a lọ.