Ìṣẹ́jú Méjìléláàádọ́ta Lórí Aago Mi

Ọmọ mi,

Bí lẹ́tà yìí ṣe ń tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí ayọ̀ máa tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ara wa le. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé orúnkún òun ti ń gbọ́ràn, pé òun ti ń bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀. Ewúrẹ́ wa bí méjì, akọ kan, abo kan. Mo ti pààrọ̀ páànù méjì lórí ṣọ́ọ̀bù, òjò kò kán sórí aago oníaago mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ. O ní àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún ń bá márùn-ún jà nínú kọ̀ǹpútà, pé àwọn tó bá kọ́kọ́ wó ilé àwọn kejì ló borí, àti pé ọjà kan wà lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń ra Bẹ́ẹ̀ ni àti Bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí iye ìṣẹ́jú tí ìjà náà máa gbà. O ní o ti ra Bẹ́ẹ̀ ni, pé ti Sátidé yóò kọjá ogójì ìṣẹ́jú, àti pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, wàá fi èrè rẹ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ kan nílé. Ìyá rẹ bi mí bóyá àpò ni wọ́n fi ń wọn Bẹ́ẹ̀ ni àbí igbá. Mo ní ó jọ pé ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ti wíwá sílé yẹn ló yé e. Kí n tó fọ ẹnu tán láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti kó àwọn òkú aago mi kúrò ní yàrá rẹ, ó ti tẹ́ aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí Sátidé dé, a lọ wò ó lórí fóònù onígbàjámọ̀, nítorí tiwa kò ju ká fi pe èèyàn lọ. Mo gbé aago ògiri tó pé jù ní ṣọ́ọ̀bù mi dání, mo gbé e ka orí àga tó fi ń gẹrun fún èèyàn. Mi ò mọ ẹni tó ń lu ẹni, aago ni mo ń wò. Nígbà tó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí àwọn kan fẹ́ máa wó ilé àwọn kejì, mo bẹ onígbàjámọ̀ kó kọ ọ́ síbi tí àwọn òǹwòran ń kọ̀rọ̀ sí pé kí àwọn ọmọ náà fara balẹ̀, pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, pé ọmọ mi ń bọ̀ wálé bí wọ́n bá rọra ṣe é. Ẹnìkan fèsì pé kí bàbá lọ sùn. Mo ní kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sọ fún un pé ọ̀sán ṣì ni lọ́dọ̀ wa.

Kò pẹ́ sí i ni gbogbo wọn dáwọ́ dúró. Onígbàjámọ̀ ní kọ̀ǹpútà ẹnìkan ló kú, wọ́n ń tún un ṣe. Mo ní àdúrà wa ló gbà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko ni wọ́n fi tún un ṣe, nígbà tí eré sì parí, aago mi ti ka méjìléláàádọ́ta. Ìyá rẹ jó dé ẹnu ọ̀nà, orúnkún tó ń gbọ́ràn yẹn náà ló fi jó.

Àfi bí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ ṣe dé pé o pàdánù, pé mẹ́tàdínlógójì ni aago tiwọn kà, nítorí wọn kì í ka ìgbà tí eré bá dúró. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń tún aago ṣe, mi ò tíì rí àkókò tó ń dúró de ẹni tó lọ tún nǹkan ṣe. Mo ti kọ ẹ̀rí sínú ìwé tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, èmi, ìyá rẹ àti onígbàjámọ̀ fọwọ́ sí i. Mú un lọ fún ẹni tó ni ọjà náà, kí o sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́tù. Bó bá fẹ́ rí aago náà fúnra rẹ̀, aago mẹ́jọ ni mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Bí kò bá gbà, kò tó ìjà. Ìyá rẹ ṣáà ní kí n bi ọ́ pé ọdún mẹ́ta tó o ti lọ yìí, ta ló bá wa dá aago tiwa dúró. Bẹ́ẹ̀dì náà ṣì wà bó ṣe tẹ́ ẹ.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Fi owó dátà onígbàjámọ̀ ránṣẹ́, àti owó bátìrì aago mẹ́wàá. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé owó ọkọ̀ rẹ ló máa dín kù, má wulẹ̀ fi ránṣẹ́, fi wọkọ̀. Onígbàjámọ̀ ní òun lè dúró. Àwọn aago náà lè dúró, òkú ni wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà yóò là fún ọ. O ò ní pẹ́ lọ́nà, o ò sì ní kánjú padà.

Èmi ni bàbá rẹ.