Dàbínù Tí Ẹ Kò Rún

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ-ọmọ yín tuntun ti dé. Obìnrin ni, iwájú orí rẹ̀ yọ síta bíi tiyín, Àwáwù la sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ń jà lọ́kàn mi, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bi í àfi ẹ̀yin.

Ẹ rántí egbò wẹ́wẹ́ olómi tó máa ń tú sí yín létí ètè bí ọyẹ́ bá dé? Ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ife yín mumi nígbà náà. Ó ń tú sí èmi náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi jogún ilẹ̀ Akpro-Missérété, èmi jogún egbò ètè. Àbí ọ̀dọ̀ ta ni mo tún ti lè kó o?

Agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí Àwáwù ní Houinmè ló kọ́kọ́ já mi láyà. Ó ní egbò yẹn kò ju nǹkan kékeré lọ lára àgbà, àmọ́ ó lè pa ọmọ tuntun. Ẹni tó bá ní in kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọmọ, itọ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan ọmọ lẹ́nu. Dàbínù ni mo rò lójú ẹsẹ̀. Nílé wa, àgbà ilé ló ń rún un lẹ́nu, tí yóò fi ìka tọ́ ọ sí ọmọ lẹ́nu kí a tó pe orúkọ. Láti ìgbà tí ẹ ti papòdà, Tàntí, àbúrò yín ní Adjarra, ni àgbà ilé.

Láàárọ̀ ìsọmọlórúkọ, Tàntí sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà sẹmíjàn, egbò náà sì wà létè rẹ̀, tútù báyìí. Ẹ̀rù bà mí, Bàbá. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún àgbà pé kó gbẹ́nu kúrò lọ́rọ̀ ọmọ? Ṣé kò ní rò pé à ń pè é ní àjẹ́? Mo fà á lọ sẹ́yìn ilé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí i, mo béèrè orúnkún rẹ̀, mo béèrè àwọn adìyẹ rẹ̀. Kí n tó débi ọ̀rọ̀, ó ti kó dàbínù náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní ohun tí ẹ̀yin náà ṣe níjọ́ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí mi nìyẹn, pé egbò tú sí ètè yín lọ́jọ́ náà.

Ìyàwó mi gún un lódó kékeré. Tàntí fọṣẹ fọwọ́, ó fi ìborùn bo ẹnu, ó sì fi ìka ara rẹ̀ tọ́ ọ sí Àwáwù lẹ́nu. Ọmọ náà lá a, ó fajú ro. Ara rẹ̀ le títí di òní.

Mo rántí ọjọ́ àkọ́bí yẹn dáadáa. Ẹ gbé dàbínù fún ẹlòmíràn, ẹ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ ò gbọ́mọ. Ó dùn mí. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ràn ìyàwó mi ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé egbò náà lè pa ọmọ ni, Bàbá? Ta ló sọ fún yín? Àbí ẹnu ló kàn ń dùn yín? Tàntí kò mọ̀. Màmá ní ẹ ò fẹ́ràn dàbínù rí láyé yín.

Láàárọ̀ yìí, ètè bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo gbé Àwáwù fún ìyá rẹ̀, mo sì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà ń yán níbẹ̀ yẹn, ẹnu rẹ̀ kò ju owó ẹyọ lọ. Bàbá, ibi tí ẹ dúró sí lọ́jọ́ yẹn mà jìnnà o.

Èmi ni, ọmọ yín tó fi ètè jọ yín, tó sì ń ṣàárò yín.