Ìwé Kérésìmesì Tó Nípọn Jù

Iléṣà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kejìlá, 1955

Ojú ń tì mí. Nígbà tí tíṣà ẹ̀kọ́ àgbà ní ká yan ìwé tí yóò dùn ún kà nígbà Kérésìmesì, èyí tó nípọn jù ni mo gbé. Mo tún fi Ìyá Dúpẹ́ tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìwé rẹ ò nípọn ju ewé ẹ̀kọ lọ."

Ọmọ ọmọ mi dé láti Òṣogbo lónìí, ó ní kí n ka ìwé mi fún òun. Ìlà kejì ni mo há sí. Mo bá tẹjú mọ́ ìwé, mo ń sọ ìtàn tí ìyá mi máa ń sọ.

"Màmá àgbà, ojú ewé yìí mà gùn o." Ó rọra bá mi ṣí i.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Èmi ni mo máa ń pa òwe yìí fún ẹlòmíràn.

Lọ́la, n ó bẹ Ìyá Dúpẹ́ kí a jọ ka tirẹ̀.